Òṣìṣẹ́ Tí Ń Ṣàìsàn àti Owó Oṣù Rẹ̀

Láti ọdún 1974 ni Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti sọ ọ́ láìfi bò pé, bí àìsàn bá kọlu òṣìṣẹ́, tí dókítà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba sì kọ ìwé ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ni, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ fún un títí di ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàárín ọdún kan. Abala 16 nínú òfin náà ni a ti kà á. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, kò sì lọ́jú pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró ní ẹnu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà ní Ìkẹjà tàbí ní Ọ̀tà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ó ń bi àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wọlé léèrè, mélòó nínú wọn ni yóò lè sọ pé òun mọ̀ pé òfin yìí wà? Nínú àwọn tí ó mọ̀ pàápàá, mélòó ni yóò lè sọ fún ọ̀gá pé òun fẹ́ lo ọjọ́ méjì nínú rẹ̀, kí ẹ̀rù má bà á pé ẹlòmíràn yóò ti jókòó sí àyè òun kí òun tó padà dé?

Ọ̀rọ̀ ìsinmi àìsàn tí a ń sanwó fún ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, àní títí kan àwọn tí ó kàwé, ni ó gbà pé àánú ni ọ̀gá ń ṣe bí ó bá san owó fún ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́. Wọn a máa béèrè pé, báwo ni ẹni tí kò ṣiṣẹ́ yóò ṣe jẹun nídìí iṣẹ́? Àwa kò bá wọn jiyàn pé iṣẹ́ ni a fi ń jẹun. Ohun tí a ń sọ ni pé owó tí a san fún aláìsàn kí ó lè dùbúlẹ̀ sí ilé rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìlera ẹni tí ó jókòó tì í nínú ọkọ̀, ti ẹni tí ń jẹ oúnjẹ tí ó sè, àti ti ọmọ tí ó ń kọ́ ní ìwé, gbogbo rẹ̀ ni a fi owó náà rà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, wàhálà rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ìtàn obìnrin kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń gba ènìyàn síṣẹ́ mọ̀. Mary Mallon ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Ireland ni, ó sì lọ ń se oúnjẹ fún àwọn olówó ní New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kòkòrò àrùn taifọ́ọ̀dù ń gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìnira kankan lára. Ní ọdún 1906, ní ilé kan tí ó ti ń se oúnjẹ ní Oyster Bay, ènìyàn 6 nínú àwọn 11 tí ń gbé ilé náà ni àrùn náà dá dùbúlẹ̀. Ní 1907 àwọn aláṣẹ ìlera mú un, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù kan, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ síbẹ̀. Ní 1910 wọ́n dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti ṣèlérí pé òun kò ní fi oúnjẹ sísè ṣe iṣẹ́ mọ́. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ni ó kù fún un, owó tí ó sì ń wọlé nídìí aṣọ fífọ̀ kò tó ti ìdí ìkòkò. Nígbà tí ó ṣe, ó yí orúkọ padà, ó sì padà sí ilé ìdáná. Ní 1915, ní ilé ìwòsàn àwọn obìnrin kan tí ó ti ń se oúnjẹ, ènìyàn 25 ni taifọ́ọ̀dù mú, méjì nínú wọn sì kú. Wọ́n tún mú un padà sí erékùṣù náà, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 1938.

Ayé ti bú Mary Mallon tó, orúkọ rẹ̀ sì ti di orúkọ èébú. Ó jẹ̀bi; àwa kò sọ pé kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó rí owó fi wá a kiri, tí ó rí owó fi mú un, tí ó sì rí owó fi bọ́ ọ ní erékùṣù fún ọdún 26 lápapọ̀, ṣé kò lè rí ìdajì owó alásè san fún un kí ó lè jókòó jẹ́ẹ́ sí ilé ara rẹ̀? Wọ́n sọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe fún un. Wọn kò sọ ohun tí yóò jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìyẹn. Àwọn àgbàlagbà láàárín wa rántí ọdún 1969, nígbà tí àrùn ojú pípọ́n bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gánà ní oṣù Kẹfà, tí ó sì tàn kálẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àkókò kan náà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo 11 lọ sí inú òṣùpá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe àrùn náà ní Àpólò títí di òní olónìí. Ọwọ́ ni àrùn yìí máa ń bá rìn: aláìsàn yóò nu ojú, yóò fi ọwọ́ náà kan tábìlì tàbí ìwé, ẹlòmíràn yóò fọwọ́ kan ibẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ tirẹ̀ ra ojú. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Olùkọ́ kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ó wọ kíláàsì tí ó ní ọmọ 40, tí ó gba ìwé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti máàkì, tí ó sì tún pín in padà fún wọn, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ojú mélòó ni yóò ti pọ́n nínú kíláàsì yẹn? Mélòó nínú àwọn ọmọ náà ni yóò gbé e dé ilé fún ìyá tí ń ta ẹ̀wà ní ẹ̀bá títì, àti fún bàbá tí ń wa ọkọ̀ èrò?

Bí ẹ bá sì bi olùkọ́ bẹ́ẹ̀ léèrè pé kí ni ó gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ojú báyẹn, ìdáhùn rẹ̀ kò ní pẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni òun ti ń ṣiṣẹ́; ọjọ́ tí òun kò bá wá, wọn a yọ owó ọjọ́ náà kúrò nínú owó oṣù; bí ó bá sì di ọjọ́ mẹ́ta, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn. Àwa kò lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Ìyàwó ilé ń retí owó oúnjẹ, ọmọ ń retí owó ilé ìwé, onílé ń retí owó ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó dúró sílé ni kí ó sọ ẹni tí yóò dá àwọn wọ̀nyí lóhùn.

Nígbà tí ará Liberia kan gbé àrùn Ebola wọ ìlú Èkó ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2014, gbogbo wa ni a rí bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní jáde ní ilé ìwòsàn, dókítà náà sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i ní oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà ní ilẹ̀ wa, 8 nínú wọn sì kú. Kí ó tó di ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá tí wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti wá ènìyàn 894 rí tí ó ní ìfarakanra pẹ̀lú àwọn aláìsàn, wọ́n sì ń ṣọ́ olúkúlùkù wọn fún ọjọ́ 21. Gbogbo ayé yìn wá, ìyìn náà sì tọ́ sí wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 21 kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ẹni tí ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́. Ẹni tí ó dá lójú pé owó rẹ̀ yóò dúró dè é yóò ṣí ilẹ̀kùn fún nọ́ọ̀sì tí ó wá wo bí ara rẹ̀ ti gbóná tó. Ẹni tí ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun lè bọ́ yóò gbé oògùn ibà mì, yóò sì sọ pé òógùn oòrùn lásán ni ó wà lára òun.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ti fi ìṣirò wo irú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin àpapọ̀ wọn ti ọdún 1993 fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní ààyè ọ̀sẹ̀ 12 láti tọ́jú ara wọn, ṣùgbọ́n kò fi owó kankan tì í. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba wọn sáré ṣe òfin tuntun pé kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gba ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú owó. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ṣe ìfiwéra láàárín àwọn ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àǹfààní náà gbà àti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ti ní irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún náà, ni pé iye àwọn tí àyẹ̀wò ń fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà dín ní nǹkan bí 400 lójúmọ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àǹfààní náà. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan nínú ètò yìí. Owó ni, àti ibùsùn. Ó ṣeni láàánú pé wọ́n jẹ́ kí òfin náà parí ní òpin ọdún 2020 kan náà, nígbà tí àrùn náà kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ wàyí. Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti yin ẹni tí àìsàn kì í dá dúró. A ó ní akíkanjú ni. Ní ìlú London, àwọn oníṣègùn tọ ipasẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Whitehall II. Nínú àbájáde kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, wọ́n rí i pé láàárín àwọn ọkùnrin tí ara wọn kò dá, àwọn tí kò gba ìsinmi àìsàn rárá fún ọdún mẹ́ta ní àrùn ọkàn tí ó le ní ìlọ́po méjì ju àwọn tí ń gba ìsinmi ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ. Akíkanjú tí a ń yìn ni a ń sin.

Ẹ tún wo ikọ́ fée, tí ó ṣì ń pa ènìyàn púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, oṣù mẹ́fà ni a sì fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tí aláìsàn bá ti ń lo oògùn tí ó bá àrùn rẹ̀ mu, bí ó ti ń ràn kálẹ̀ a dín kù jọjọ. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 12 géérégé. Ẹni tí ó kọ Abala 16 lè má ro èyí rárá, ṣùgbọ́n bí ó ti rí nìyẹn: ọjọ́ tí òfin wa fún òṣìṣẹ́ tó fún un láti jókòó sílé ní àkókò tí ikọ́ rẹ̀ burú jù lọ fún àwọn tí ó yí i ká. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó rí i lò, ni.

Òfin náà kò sì pé. Nígbà tí ó dé ibi tí ó ti ń sọ ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́, ní Abala 91, ó yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìṣàkóso àti àwọn tí ń fi iṣẹ́ ìmọ̀ jẹun sẹ́yìn. Ó tún yọ ẹni tí a gbà fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ti òwò agbanisíṣẹ́. Ẹ ronú sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Agbẹjọ́rò tí ó já fáfá lè dìde ní kóòtù kí ó sọ pé olùkọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ lójú òfin yìí, nítorí pé iṣẹ́ ìmọ̀ ni ó ń ṣe. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń se oúnjẹ fún odindi ilé, tí ń gbé ọmọ ìkókó pọ̀n, kò sí nínú rẹ̀. Awakọ̀ tí ń gbé àwọn ọmọ ọ̀gá lọ sí ilé ìwé kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tí àìsàn wọn lè tètè ran ẹlòmíràn gan-an ni òfin fi sí ìta. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí Ìlànà Iṣẹ́ Ọba ti ọdún 2008 ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí kò sùn sí ilé ìwòsàn lè gba ìsinmi àìsàn tí ó tó ọjọ́ 42 láàárín oṣù 12. Ibà kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà ni ó jẹ wọ́n.

A mọ ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ yóò sọ. Wọn yóò ní àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa purọ́ àìsàn, pàápàá ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì. Òótọ́ ni pé àwọn kan yóò purọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí irú wọn kò tíì bá ènìyàn ṣiṣẹ́ rí. Nítorí wọn ni òfin ṣe ní kí a mú ìwé dókítà wá. Lójú tiwa, òfin ti ṣọ́ra jù níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ibà ń ṣe fún ọjọ́ méjì yóò ná owó ọkọ̀, yóò ná owó káàdì, yóò sì tò sórí ìlà láti òwúrọ̀ di ọ̀sán kí ó tó rí dókítà kan fọwọ́ sí ìwé, ní ilẹ̀ tí dókítà ti wọ́n yìí. Yóò kúkú rọrùn fún un láti lọ síbi iṣẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò lè fọwọ́ sí ìwé ọjọ́ méjì àkọ́kọ́.

Wọn yóò tún ní owó náà pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Láti 2024, owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní òfin jẹ́ 70,000 náírà, èyí tí í ṣe 840,000 náírà lọ́dún. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ń ṣe ọjọ́ 312 lọ́dún. Ọjọ́ 12 nínú rẹ̀ kò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, owó rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 32,000 náírà, bí òṣìṣẹ́ náà bá tilẹ̀ lo gbogbo rẹ̀ tán. Agbanisíṣẹ́ tí ó bá gba aláìsàn sídìí ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ náà sì gé e lọ́wọ́ nítorí pé òòyì ń kọ́ ọ, yóò ná ju iye yìí lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ibì kan wà tí ẹjọ́ wọn ti tọ́, a kò sì ní fi pamọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré tí ó ní olùkọ́ mẹ́fà, bí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, olówó ilé ẹ̀kọ́ náà yóò san owó rẹ̀, yóò sì tún san ti ẹni tí ó dúró fún un. Ọrùn rẹ̀ nìkan kò lè gbé e. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n èyí kì í ṣe tuntun. Ní 1883, ìjọba Bismarck ní ilẹ̀ Jámánì ṣe òfin pé kí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jọ máa dá owó sí àpò kan: òṣìṣẹ́ a dá ìpín méjì nínú mẹ́ta, ọ̀gá a dá ìpín kan. Ẹni tí ó bá ṣàìsàn a máa gba ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kẹta títí di ọ̀sẹ̀ 13. Bismarck kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rárá. Ó fẹ́ gba àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ àwọn alátakò rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Síbẹ̀ ètò náà dúró, ní 1927 sì ni Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn méjì lórí irú àpò bẹ́ẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè. Àwa gan-an ní àpò kan nílẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 2010 lórí ẹ̀san òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò ìjọba fún ẹni tí ó bá fara pa tàbí tí ó kó àrùn nídìí iṣẹ́. Ibà, taifọ́ọ̀dù àti ikọ́ tí ènìyàn kó láti ibòmíràn kò sí nínú rẹ̀. Kí wọ́n fẹ apá kan àpò náà sí i fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké.

Ta ni yóò ṣe é? Ní 1954, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un gbé owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó kéré jù lọ sí ṣílè márùn-ún lójúmọ́, láìdúró de ẹkùn mìíràn. Lónìí, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún Abuja nìkan. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo, ẹ má ṣe gbé ẹ̀bẹ̀ yìí lọ bá gómìnà. Àwọn tí ẹ rán lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà àti ti aṣojú ni kí ẹ bi ní ìpàdé wọ́ọ̀dù yín, kí wọ́n tó tún wá tọrọ ìbò, pé ìgbà wo ni wọn yóò tún Abala 91 ṣe kí olùkọ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ lè wọlé.

Gómìnà pàápàá kò sì ṣe aláìní iṣẹ́ ní ọwọ́. Ìpínlẹ̀ ni ó ń fún ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní ìwé àṣẹ. Kí wọ́n tó fún wọn, wọn a béèrè iye yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà, wọn a wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọn a sì béèrè ìwé ẹ̀rí àwọn olùkọ́. Kí Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ìbéèrè kan ṣoṣo kún un ní sáà tí ń bọ̀: ọjọ́ mélòó ni olùkọ́ yín lè fi ṣàìsàn láàárín ọdún kan tí ẹ kò ní yọ owó rẹ̀?